Ìbéèrè Tí Àyẹ̀wò Kọ̀ọ̀kan Ń Béèrè Kí Wọ́n Tó Tọ́jú Lílù Ọkàn

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ènìyàn pé ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé mọ́, àti pé oògùn nìkan kò lè tún un ṣe, ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni gbogbo ẹbí máa ń gbájú mọ́. Wọ́n á máa béèrè bóyá wọ́n máa la àyà, bóyá aláìsàn máa sùn, iye tí yóò ná wọn, àti ẹni tí yóò tẹ̀lé e lọ. Àwọn àyẹ̀wò tó ṣáájú ọjọ́ náà kì í jẹ ẹnikẹ́ni lógún; a máa ń kà wọ́n sí ìdádúró, tàbí sí owó mìíràn tí ilé ìwòsàn ń wá. Mo tẹ̀lé àbúrò mi obìnrin la gbogbo rẹ̀ kọjá ní Ìbàdàn níbí, ohun tí mo sì gbà gbọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni pé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀ tó ń béèrè, àti pé aláìsàn tó bá mọ ìbéèrè náà lè ṣe púpọ̀ kí ìdáhùn tó máa jáde lè jẹ́ òótọ́.

Àbúrò mi ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé àyà rẹ̀ á ṣàdédé máa lù kìkìkì nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́, àti pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ dókè mọ́ láìdúró mí lágbedeméjì. Àwọn kan ní kó lọ wo ibòmíràn, pé ọwọ́ ayé wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n inú mi dùn gidigidi pé ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ lọ, nítorí pé àìsàn tí wọ́n bá lára rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní atrial fibrillation tí wọ́n sì máa ń gé kúrú sí AF, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfún ènìyàn ní ìkìlọ̀ kankan.

Inú ọkàn pín sí yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Iná mànàmáná kékeré kan tó ń ti ibì kan nínú yàrá òkè apá ọ̀tún jáde ló ń sọ fún ẹran ọkàn ìgbà tó yẹ kó súnkì, nígbà tí àgbàlagbà bá sì wà ní ìsinmi, ọkàn sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú AF, ibi púpọ̀ nínú àwọn yàrá òkè ni iná ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí yàrá náà á fi máa gbọ̀n dípò kó súnkì dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa falẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì ń falẹ̀ lè dì. Bí èyí tó dì bá já, tó sì bá ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, ohun tó ń tẹ̀lé e ni rọpárọsẹ̀. Ìtọ́jú tí wọ́n yàn fún àbúrò mi ni ablation: dókítà á gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìpàdé itan, á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé inú ọkàn, á sì fi ooru tàbí òtútù pa ẹran díẹ̀ ní ibi tí iná tí kò yẹ ń gbà kọjá. Wọn kì í la àyà. Ìlú Èkó ni wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni a ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò rẹ̀.

Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ni ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń lọ sórí bébà. Òun náà ni ó rọrùn jù, kò sì dunni rárá. Wọ́n á lẹ nǹkan mẹ́wàá mọ́ ara: mẹ́rin sí apá àti ẹsẹ̀, mẹ́fà sí àyà. Láti ara mẹ́wàá yìí ni ẹ̀rọ náà ti máa wo ọkàn láti ọ̀nà méjìlá, tí á sì ya á sórí bébà tó sábà máa ń rìn ní mìlímítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé iná ni wọ́n fẹ́ fi sí àwọn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀; iná tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń mú jáde ni ẹ̀rọ náà ń kà. Willem Einthoven, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1924 lórí iṣẹ́ yìí, àwọn lẹ́tà tó fi sọ àwọn òkè àti kòtò inú rẹ̀ lórúkọ ni àwọn dókítà sì ń lò títí di òní.

Ìbéèrè ECG ni pé: báwo ni ọkàn ṣe ń lù ní ìsinsìnyí gan-an? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń wá tó ń lọ fi lè dé ilé ìwòsàn kí ECG rẹ̀ sì dára pátápátá, tí ará ilé á wá máa sọ pé ìrònú lásán ló ń dà á láàmú. Bí àyà bá ń sáré, ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù ni kí ènìyàn tètè lọ kí wọ́n ya á nígbà náà gan-an, kí ó sì gba bébà náà tàbí kí ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Bébà tí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ọjà ya fún àbúrò mi lọ́jọ́ tí àyà rẹ̀ ń lù ni dókítà ọkàn kọ́kọ́ béèrè, òun náà ló sì tẹjú mọ́ jù lọ.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fúnni tẹ́lẹ̀. Ara tí wọ́n fi òrí tàbí ìpara kùn kì í jẹ́ kí nǹkan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà dì mú dáadáa, ìlà tó máa jáde á sì máa gbọ̀n, wọ́n á ní láti tún un ṣe. Nígbà ọyẹ́ tí gbogbo wa ń kun òrí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò. Fún àwọn obìnrin, bùbá àti ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì dára ju kaba gígùn lọ, nítorí pé àyà ni wọ́n máa ṣí. Ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀. Àbúrò mi béèrè fún èyí, wọ́n sì ṣe é fún un láìjanpata.

Nítorí pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni ECG ń rí, wọ́n á fi Holter tẹ̀lé e, ìyẹn ẹ̀rọ tí ènìyàn máa ń gbé kọ́ra kó lè máa ka lílù ọkàn fún ìgbà pípẹ́. Norman Holter, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1940, ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn sì wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 38. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí kò ju ohun tí ènìyàn lè fi há ìgbáròkó tàbí kó gbé kọ́ ọrùn lọ. Wákàtí 24 tàbí 48 ni ó sábà máa ń wà lára, àwọn mìíràn sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń béèrè ni ohun tí ọkàn ń ṣe nígbà tí kò sí dókítà nítòsí.

Àbúrò mi fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ náà kí ẹ̀rọ má bàa bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún un pé, "Rárá o, Mà. Ọjà yín ni kí ẹ lọ. Ẹ gbé ẹrù tí ẹ máa ń gbé, ẹ gun àtẹ̀gùn tí ẹ máa ń gùn. Bí ẹ bá jókòó, ọkàn tó jókòó la máa rí." Ó wọ bùbá lé e lórí, ó sì lọ sí Gbági. Wọ́n fún un ní ìwé kékeré kan pé kí ó máa kọ aago àti ohun tó bá gbọ́ lára sílẹ̀: àyà tó ń lù, òòyì, èémí tí kò tó, oògùn tó lò, àkókò tó sùn. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ ìwé yìí, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ láti orí nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dùn mí, nítorí pé láìsí i, ẹni tó ń ka ẹ̀rọ náà á rí ibi tí ọkàn ti sáré, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá ohun tí aláìsàn ń rojọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nínú ti àbúrò mi, ẹ̀rọ náà rí ìgbà mélòó kan tí ọkàn rẹ̀ kúrò ní ìlà nígbà tó ń sùn, tí kò mọ̀ rárá. Ìyẹn yí ohun tí gbogbo wa rò padà, nítorí a ti ń fi bí ó ṣe ń gbọ́ ọ lára mọ bí àìsàn náà ṣe pọ̀ tó.

Ẹ má jẹ́ kí omi kan ẹ̀rọ náà. Fífi aṣọ tútù nu ara ló kù. Nínú ooru Ìbàdàn, òógùn lè mú kí ọ̀kan já kúrò. Ẹ gba àfikún èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ hàn yín.

Àwọn mìíràn á ṣe àyẹ̀wò rírìn lórí ẹ̀rọ, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yára sí i tó sì ń ga sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló ń fa ìsáré náà tàbí bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibi gbogbo lára ọkàn. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu ni kí ẹ wọ̀ lọ, ẹ má sì jẹun yó kí ẹ tó lọ. Wọn kò ṣe é fún àbúrò mi.

Echo ni èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé òun nìkan ni ojú èmi tí mi ò kọ́ ìṣègùn rí nǹkan nínú rẹ̀. Aláìsàn á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n á kun jẹ́ẹ̀lì tútù sí i láyà, wọ́n á sì máa fi nǹkan kan tẹ ẹ́ níbẹ̀ tó ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọlé, tí ìró náà á padà di àwòrán. Inge Edler àti Hellmuth Hertz ló kọ́kọ́ fi ìró wo ọkàn báyìí ní ìlú Lund, ní Sweden, ní ọdún 1953. Lójú ẹ̀rọ náà ni mo ti rí ọkàn ọmọ ìyá mi tó ń ṣí tó ń pa dé, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí ọkàn fúnra rẹ̀ ṣe rí ni echo ń béèrè. Ṣé àwọn yàrá rẹ̀ ti fẹ̀ jù? Ṣé ògiri rẹ̀ ti nípọn? Ṣé àwọn ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ń pa dé dáadáa? Iye ẹ̀jẹ̀ wo ló ń tì jáde? Nínú ọkàn tí kò ní àìsàn, ó máa ń tì jáde tó nǹkan bíi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá súnkì. Ohun méjì ni dókítà wa ń wá lójú méjèèjì. Èkíní ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, tó máa ń mú kí ògiri ọkàn nípọn kí yàrá òkè sì fẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, tó di olóògbé ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn yìí kan náà, síbẹ̀ àìmọye wa ṣì ń lo oògùn rẹ̀ kìkì lọ́jọ́ tí orí bá fọ́ wa. Èkejì ni ilẹ̀kùn ọkàn tí ibà rheumatic ti bà jẹ́ láti kékeré. Bí ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti ìsàlẹ̀ apá òsì bá ti fún jù, ètò ìtọ́jú á yí padà, títí kan irú oògùn tí wọ́n máa lò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Ti àbúrò mi kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá òkè rẹ̀ ló fẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n pín fún ìbéèrè púpọ̀. Wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà. Wọ́n wo kíndìnrín, nítorí àwọn oògùn àti omi àwòrán, ìyẹn omi tí wọ́n ń fà sínú iṣan kí àwòrán ọkàn lè hàn, tó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ jáde. Wọ́n wo potassium, ìyẹn irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó wà láàárín nǹkan bíi 3.5 sí 5.0 (mmol/L), nítorí pé èyí tó bá kéré jù tàbí tó bá pọ̀ jù lè fúnra rẹ̀ da lílù ọkàn rú. Ti àbúrò mi lọ sílẹ̀, oògùn tó ń mú un tọ̀ tí ó ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fà á, wọ́n sì tún un ṣe kí a tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n wo thyroid, ìyẹn ẹran kékeré tó wà níwájú ọrùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òun gan-an lè jẹ́ orísun AF, òun ni wọ́n á sì kọ́kọ́ tọ́jú. Wọ́n máa ń wo kòkòrò HIV àti ti àrùn ẹ̀dọ̀. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ á ṣe àyẹ̀wò oyún, nítorí ìtànṣán X-ray. Kí ẹnikẹ́ni má kà á sí ẹ̀sùn. Wọ́n tún máa béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní, ìyẹn O tàbí A tàbí B, èyí tó yàtọ̀ sí AA tàbí AS tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó. Ẹ sọ méjèèjì.

INR, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, gba kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò yìí, nọ́ńbà tí wọ́n sì sábà máa ń wá nínú AF ni 2 sí 3. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí ó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdá. Oúnjẹ wa wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹ̀fọ́ tútù bíi ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ugwu ní vitamin K nínú, èyí tó ń bá iṣẹ́ warfarin jà. Ẹnì kan ti sọ fún àbúrò mi pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ewédú mọ́ láyé rẹ̀. Fún ọmọ Ìbàdàn tó ń jẹ àmàlà, ìyà ni ìyẹn, kò sì pọn dandan. Ohun tí dókítà ní kó ṣe ni pé kí iye tó ń jẹ lọ́sẹ̀ má yí padà púpọ̀, kí ó má ṣe sá fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó wá jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí pé orí bó ṣe ń jẹun ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn rẹ̀. Àwọn tó ń lo oògùn tuntun bíi apixaban tàbí rivaroxaban kò nílò àyẹ̀wò INR léraléra, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan.

Ó sì yẹ kí n sọ èyí ketekete, nítorí pé òdìkejì ohun tí ènìyàn máa rò ni: nínú ablation fún AF, wọn kì í sábà dá oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí dúró nítorí iṣẹ́ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fẹ́ kí aláìsàn ti lò ó láìdáwọ́dúró fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ fún un ti fi ara rẹ̀ sínú ewu tí gbogbo àyẹ̀wò náà ń sá fún.

Agbo ńkọ́? Nígbà tí dókítà béèrè ohun gbogbo tí àbúrò mi ń lò, ó ka oògùn ilé ìwòsàn tán ó sì dákẹ́. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sùúrù, tún un béèrè: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní bínú. Ṣé ẹ máa ń mu nǹkan mìíràn? Agbo jẹ̀díjẹ̀dí, aáyù, nǹkan tí wọ́n ń tà nínú ìgò?" Ìgbà yẹn ló tó sọ pé òun ń mu agbo kan láràárọ̀. Dókítà kò bú u, kò sì sọ pé agbo kò dára. Ó ní òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti pé ohun tí òun kò mọ̀ lè gbé INR sókè tàbí kó fà á wálẹ̀, nítorí náà kí ó dá a dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí. Mo gbóríyìn fún un púpọ̀, nítorí pé ìbéèrè tí wọ́n bá fi ìgbéraga béèrè, irọ́ ló máa ń mú jáde, kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú yàrá náà tó lè rí agbo.

Mo wá dé orí àyẹ̀wò tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ènìyàn jù. Lára yàrá òkè apá òsì ni àpò kékeré kan wà, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dì sí nínú AF. Echo tí wọ́n ṣe láti àyà kì í rí inú àpò náà dáadáa, nítorí ẹ̀yìn ni yàrá náà wà. Ọ̀nà oúnjẹ ló gba ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an kọjá, nítorí náà wọ́n á ní kí aláìsàn gbé ọ̀pá rírọ̀ kan tó ní ojú echo lórí mì. Wọ́n ń pè é ní TEE. Ìbéèrè rẹ̀ le: ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ti dì wà níbẹ̀?

Aláìsàn kò ní jẹun fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí pé ikùn tó kún lè mú kó bì, kí èébì sì gba ọ̀nà èémí. Wọ́n á yọ eyín àtọwọ́dá. Wọ́n á fín oògùn kan sí ọ̀nà ọ̀fun kó lè kú, oògùn náà korò. Wọ́n á sì fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa mú un tòògbé. Gbígbé e mì ni ó nira, fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé nǹkan mì bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, tó sì ń fi imú mí wẹ́rẹ́, á rí i pé ó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn kò gbọ́dọ̀ jẹ tàbí mu nǹkan títí ọ̀fun á fi jí, kò sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ti ní ìṣòro oúnjẹ tó ń há lọ́nà ọ̀fun rí, tàbí tí ẹ ti bì ẹ̀jẹ̀ rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí wọn kò bá béèrè.

Wọ́n rí nǹkan nínú ti àbúrò mi. A ti dá ọjọ́ Èkó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba àyè níbi iṣẹ́. Ẹni tí yóò dúró ní ṣọ́ọ̀bù ti wà nílẹ̀. Dókítà wá jókòó tì í lẹ́yìn tí oorun ti dá lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. A rí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú àpò yẹn. A ò lè jẹ́ kí ẹ lọ báyìí. Bí wáyà bá kàn án, ó lè já lọ sí ọpọlọ yín." Àbúrò mi kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ò ní ṣe é mọ́ ni?" Mo rí i pé ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n ti kọ̀ ọ́. Nílé, ẹnu àwọn ará ilé kò yàtọ̀: wọ́n ní owó ti ṣòfò, àyẹ̀wò ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Mo ti ronú lórí ọjọ́ náà púpọ̀, ojú tí mo fi ń wò ó kò sì yí padà. Àyẹ̀wò yẹn ni ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ nínú gbogbo èyí tí a san owó fún. Ẹ̀jẹ̀ tó dì náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wò ó, kò sì jẹ́ kí àbúrò mi gbọ́ ohunkóhun lára. Ká ní a ti fojú fò ó nítorí pé ó ná owó tàbí nítorí pé ẹ̀rù ń bà á, inú yàrá iṣẹ́ ní Èkó ni a ì bá ti bá a pàdé. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó wọlé fún TEE pé "ẹ dúró ná" jẹ́ ọ̀kan lára ìdáhùn tó lè jáde, kí dókítà sì sọ ọ́ fún un ṣáájú. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní bàjẹ́ tó bó ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún oògùn rẹ̀ díwọ̀n, wọ́n ń wo INR rẹ̀ lemọ́lemọ́, ó sì pé ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó tún un wò. Nígbà kejì, àpò náà mọ́.

Wọ́n tún ya CT ọkàn rẹ̀, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ X-ray ń yà yí ara ká. Ní ọdún 1998 ni Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé inú àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ sínú ọkàn ni iná tó ń dá AF sílẹ̀ ti sábà máa ń jáde. Mẹ́rin ni àwọn ọ̀nà náà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára gbogbo ènìyàn, CT sì ni ó ń jẹ́ kí dókítà mọ iye wọn àti ibi tí wọ́n wà. Bí wọ́n bá ń fa omi àwòrán náà sínú iṣan, ooru kan á gba ara kọjá, ó sì lè ṣe aláìsàn bíi pé ó ti tọ̀ sára, kò tọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ irú omi yìí rí, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò le, tàbí tó ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà, gbọ́dọ̀ sọ.

Fún àwọn tí ọkàn tiwọn ń falẹ̀ jù, tí wọ́n fẹ́ fi pacemaker, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ọkàn lù, sí lára, àyẹ̀wò kì í pọ̀ tó báyìí. Nínú ECG àti Holter ni wọ́n ti máa rí ibi tí ọkàn ti ń dákẹ́, wọn kì í sì sábà nílò TEE. Ohun tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ni kòkòrò àrùn: ibà, egbò, eyín tó ń rà, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ sínú ara ni. Wọ́n á béèrè ọwọ́ tí ẹ ń lò. Arne Larsson, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí sí nínú ara, ní Sweden ní ọdún 1958, pé ẹni ọdún 86 kó tó kú ní 2001.

Ọ̀rọ̀ ìwé àti owó kò gùn. Àwọn àyẹ̀wò yìí wọ́n, àpò ara ẹni sì ni ọ̀pọ̀ wa ń ti san án. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ètò ìlera NHIA kí ó béèrè ní kíkọ, ṣáájú, èyí tí ètò náà gbé àti èyí tí kò gbé. Ẹ gba èsì gbogbo, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìparí nìkan: bébà ECG fúnra rẹ̀, àwo CT, àwòrán echo. Ẹ fi wọ́n sínú fáìlì kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ fúnra yín. Ilé ìwòsàn kan tí a dé fẹ́ tún àyẹ̀wò kan ṣe kìkì nítorí pé wọn kò rí ti àkọ́kọ́. Fáìlì ọwọ́ mi ló gbà wá.

Ní alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́, wọ́n sọ aago tí yóò jẹun kẹ́yìn àti aago tí yóò mu omi kẹ́yìn. Ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́fà fún oúnjẹ àti wákàtí méjì fún omi lásán, ṣùgbọ́n èyí tí ilé ìwòsàn yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí yóò ṣe sí oògùn rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò jẹun tó sì gba abẹ́rẹ́ insulin bó ṣe máa ń gbà á lè dákú. Kùtẹ́ẹ̀sì ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, yẹtí àti òrùka gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ láti ìka lè má ríran dáadáa la kùtẹ́ẹ̀sì kọjá. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, dókítà ti ní kó dá ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń dẹ ọkàn wọ́ọ́ dúró, kí oògùn náà má bàa bo ohun tí wọ́n fẹ́ wá mọ́lẹ̀. Òun nìkan ni, dókítà ló sì sọ ọ́.

Láàárọ̀, wọ́n tún ya ECG. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ fún INR àti potassium. Dókítà ka ewu inú iṣẹ́ náà fún un kí ó tó fọwọ́ sí ìwé: ẹ̀jẹ̀ tó lè dà ní ìpàdé itan, ẹ̀jẹ̀ tó lè jò yí ọkàn ká, rọpárọsẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ sí i fún un. Dókítà ní àfi òun fúnra rẹ̀, nígbà tí ó ti gbọ́ tó sì yé e. Ó béèrè ìbéèrè méjì, wọ́n dá a lóhùn, ó fọwọ́ sí i.

Èyí tí mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà ni pé àyẹ̀wò kò parí sí ẹnu ọ̀nà. Nínú yàrá iṣẹ́, wáyà tó wọ inú ọkàn á kọ́kọ́ ka iná ibẹ̀ láti inú wá, dókítà á sì máa ya àwòrán ọ̀nà tí iná náà ń gbà sórí kọ̀ǹpútà. Fún irú ìsáré ọkàn mìíràn, wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ọkàn sáré kí wọ́n lè rí ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tí kò bá sùn pátápátá á gbọ́ ọ lára, ó sì yẹ kí wọ́n ti sọ fún un. Nígbà tí wọ́n ti fi òtútù yí ẹnu àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ká tán lára àbúrò mi, wọn kò yọ wáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún un wò lọ́nà kọ̀ọ̀kan bóyá iná ṣì ń kọjá láti ibẹ̀ wọ inú ọkàn. Ọ̀kan ṣì ń jẹ́ kí ó kọjá. Wọ́n padà síbẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún wò ó, ó ti dí, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yọ wáyà kúrò.